Nígbà Tí Ibi Mímọ́ Bá Di Ilé-Ìwé

Ìdílé tó bá wa mọ́tò láti Washington lọ wo pápá ogun Gettysburg ní Pennsylvania á gba títì US 15 ní àríwá Maryland. Kó tó dé ààlà ìpínlẹ̀ méjèèjì, yóò rí ère Màríà Wúńdíá aláwọ̀ wúrà lórí ilé agogo gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Ibi mímọ́ Ìyá Wa ti Lourdes nìyẹn, ní yunifásítì Mount St. Mary's. Ìlú kékeré tó tẹ̀lé e ni Emmitsburg, níbi tí àwọn òbí Àgùdà tó ń kọ́ ọmọ wọn níwèé nínú ilé ti máa ń yà kúrò lójú títì. Gettysburg ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ohun tó wà ní Emmitsburg á rí i pé ibi tí wọ́n yà sí lè wúlò fún ọmọ ju ibi tí wọ́n ń lọ gan-an.

Ibi mímọ́ Elizabeth Ann Seton ni wọ́n ń lọ wò níbẹ̀. New York ni wọ́n ti bí i ní 1774, sínú ìdílé oníṣègùn tí kì í ṣe Àgùdà. Ó lọ́kọ, ó bímọ márùn-ún. Òwò ọkọ rẹ̀, William, dẹnu kọlẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ tún dá a gúnlẹ̀. Ní 1803 wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ítálì, bóyá ara rẹ̀ á yá níbẹ̀, wọ́n sì mú Anna Maria àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, dání. Ibà pọ́njú ń jà ní New York lákòókò náà, nítorí náà àwọn aláṣẹ èbúté Livorno tì wọ́n mọ́ ilé olókùúta tútù kan fún nǹkan bí oṣù kan kí àrùn má bàa ràn. Kò pẹ́ tí wọ́n jáde nínú ìdè náà tí William fi kú ní Pisa, lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá. Àwọn Filicchi, oníṣòwò ará Livorno, ló gba opó àti ọmọ rẹ̀ sílé, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ti rí bí ìdílé Àgùdà ṣe ń gbàdúrà. Ní 1805 ó wọ ìjọ Àgùdà ní New York. Ọ̀pọ̀ ẹbí àti ojúlùmọ̀ kẹ̀yìn sí i nítorí rẹ̀.

Ní 1809 ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn obìnrin díẹ̀ wá sí Emmitsburg, wọ́n há ara wọn mọ́ ilé olókùúta kékeré kan tó ṣì dúró títí dòní. Níbẹ̀ ló ti dá ẹgbẹ́ àwọn sísítà rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún kejì ó ṣí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin, tó ń kọ́ ọmọ tálákà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1975, Póòpù Paul Kẹfà kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà tó gba oyè náà.

Itẹ́ òkú àwọn sísítà ló yẹ kí òbí ti dúró pẹ́ jù. Anna Maria, ọmọ tí wọ́n tì mọ́lé pẹ̀lú bàbá rẹ̀ ní Livorno, wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó kú ní 1812. Rebecca àbúrò rẹ̀ kú ní 1816, ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọmọ tó ti ń ka ìtàn ẹni mímọ́ nínú ìwé á rí i níbẹ̀ pé ìyá tó sin ọmọ méjì ni obìnrin yìí, ó sì padà sí kíláàsì lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Irú ìyàlọ́nà bẹ́ẹ̀ wà lára iṣẹ́ ilé-ìwé lójú òfin pẹ̀lú. Ní Maryland, òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí, kó kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìtàn àti ètò àwùjọ, orin, iṣẹ́ ọnà, ìmọ̀ ìlera àti eré ìdárayá. Bí kò bá sí lábẹ́ àbójútó ìjọ tàbí ilé-ìwé kan tí ìjọba mọ̀ sí i, á máa tọ́jú àkójọ iṣẹ́ ọmọ náà fún òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ láti yẹ̀ wò, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. Àwòrán ilé olókùúta tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, àwòrán ilẹ̀ ọ̀nà New York sí Livorno, ojú ìwé kan lórí ibà pọ́njú: gbogbo wọn ló lè wọ àkójọ náà. Ní Gettysburg, àwọn olùṣọ́ ọgbà ìjọba ń fún ọmọdé ní ìwé ìbéèrè. Ẹni tó bá dáhùn rẹ̀ tán á búra, á sì gba báàjì. Ìyẹn náà wọlé.

Kíkọ́ ọmọ Àgùdà nínú ilé kì í sì í ṣe àṣà tuntun ní Maryland. Àwọn Àgùdà wà lára àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1634, ṣùgbọ́n òfin 1704 ká wọn lọ́wọ́ kò: wọn ò gbọdọ̀ rú ẹbọ Mísà ní gbangba, wọn ò sì gbọdọ̀ dá ilé-ìwé sílẹ̀. Inú ilé onílé ni wọ́n ti ń ṣe Mísà. Ẹ̀tọ́ tí òbí ní lónìí pẹ̀lú, àwọn sísítà kan wà lára àwọn tó jà fún un. Nígbà tí àwọn olùdìbò Oregon fọwọ́ sí i ní 1922 pé ilé-ìwé ìjọba ni gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ lọ, àwọn sísítà náà pe ìjọba lẹ́jọ́, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì dá wọn láre ní 1925.

Ìtàn Emmitsburg àti ti Gettysburg tún so pọ̀ ní tààràtà. Ní òpin oṣù Kẹfà 1863, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ-ogun Àríwá pàgọ́ sórí ilẹ̀ àwọn sísítà. Ogun Gettysburg bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ó jà fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tó kú, tó fara gbọgbẹ́, tó sọnù tàbí tó bọ́ sí ìgbèkùn tó nǹkan bí 51,000. Àwọn sísítà di ẹrù oúnjẹ àti aṣọ tí wọ́n fi ń di ọgbẹ́, wọ́n gba ọ̀nà kan náà tí àwọn ìdílé ń gbà lónìí, wọ́n lọ tọ́jú ọmọ-ogun ìhà méjèèjì. Ṣọ́ọ̀ṣì Saint Francis Xavier tó di ọsibítù nígbà náà ṣì wà nínú ìlú Gettysburg. Lórí pápá ogun, ère Fádà William Corby nawọ́ sókè lórí òkúta, bó ṣe ṣe lọ́jọ́ kejì ogun nígbà tó ń fún àwọn ọmọ-ogun Irish Brigade ní ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀.

Síbẹ̀, ìdílé tó bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ síbẹ̀ ti fo apá tó le jù. Ìpínlẹ̀ olówò ẹrú ni Maryland. Ní 1838, àwọn fádà Jésúìtì ibẹ̀ ta ènìyàn 272 sí Louisiana, wọ́n sì fi lára owó náà yọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Georgetown nínú gbèsè. Ó yẹ kí ọmọ Àgùdà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti lè sọ ọ́ fún un dáadáa ni òpópónà Paca ní Baltimore, níbi tí Seton gbé kó tó wá sí Emmitsburg. Nínú yàrá àdúrà ìsàlẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ní 1809. Yàrá yẹn náà ni àwọn Àgùdà aláwọ̀ dúdú tó sá fún ogun Haiti ti ń pàdé fún Mísà àti katikísìmù.

Mary Lange wà láàárín wọn, obìnrin dúdú tó jọ pé Kúbà ló ti wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ dúdú lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ilé ara rẹ̀, kó tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní 1828 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Fádà Jacques Joubert. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òun àti obìnrin mẹ́ta jẹ́jẹ̀ẹ́, ẹgbẹ́ àwọn sísítà dúdú Oblate Sisters of Providence sì bẹ̀rẹ̀. Ní 2023, Póòpù Francis kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni ọ̀wọ̀, ọ̀kan lára àtẹ̀gùn tó ń lọ sí ipò ẹni mímọ́. Ilé-ìwé tó dá sílẹ̀, Saint Frances Academy, ṣì ń gba ọmọ ní Baltimore, ìrìn nǹkan bí wákàtí kan nínú mọ́tò láti Emmitsburg.