Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọkọ̀ gbá yín, kí ni lọ́yà lè ṣe?

Ní Nàìjíríà, bí ọkọ̀ bá ṣe èèyàn léṣe, “ẹ fi í fún Ọlọ́run” ni ará ilé sábà máa ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti gba ìtọ́jú, ẹ wá lọ́yà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kọjá kóòtù. Yóò gba àbọ̀ ìwádìí ọlọ́pàá, yóò kó rìsíìtì oògùn àti ìwé dókítà jọ, yóò sì wá iléeṣẹ́ ìbánigbófò tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Dandan ni kí ọkọ̀ tó ń rin títì ní ìbánigbófò fún ẹni tó bá ṣe léṣe; ọ̀pọ̀ rò pé ìwé tí wọ́n kàn ń fi han ọlọ́pàá ni! Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé “a ti parí ẹ̀” nítorí owó táṣẹ́rẹ́. Egungun tó ṣẹ́ lè tún gba iṣẹ́ abẹ mìíràn.

Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló wakọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, oṣù 3 péré lẹ ní láti pẹjọ́. Ẹ ò lówó lọ́yà? Legal Aid Council máa ń gba ẹjọ́ ìjàm̀bá ọkọ̀ fún aláìní lọ́fẹ̀ẹ́.