Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Òfin Àkọlé Ara Ọkọ̀ Ojú Omi àti Ẹni tí Ó Yẹ kí Ó Kà Á



Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n ìwé kíkọ náà ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Ìwé kan wà tí òfin ń kọ, tí kì í sábà ju ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, tí a ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ láti sọ iye ènìyàn àti ìwúwo ẹrù tí ó lè gbé. Ìbéèrè tí a óò gbìyànjú láti dáhùn ni pé: kí ni ó ń mú kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí là, kí sì ni ó ń sọ ọ́ di ọ̀ṣọ́ lásán?

Kò yẹ kí ará àdúgbò yìí rìn jìnnà kí ó tó mọ̀ pé omi kì í kìlọ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí àwọn ohun ìjà olóró bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà, àwọn ènìyàn sá àsálà nínú òkùnkùn títí dé odò Òkè-Afá. Koríko orí omi ti bo odò náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tí ó kú ní ọjọ́ náà ju 1,000 lọ, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sì ti rì. Wọn kò sí nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: ojú omi kì í sọ ohun tí ó wà nínú omi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ rí. Ẹni tí ó bá wò ó láti èbúté yóò rí ìjókòó tí ó ṣófo, yóò sì ní àyè ṣì kù. Ìsàlẹ̀, níbi tí ojú kò tó, ni àyè ti ń tán.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé rẹ̀. Bí ènìyàn kan bá kún èrò ọkọ̀, ọkọ̀ náà yóò rì sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, etí rẹ̀ yóò sì súnmọ́ omi. Etí tí ó yọ sókè yìí ni ààbò tí ó ní nígbà tí ìgbì bá dé, tàbí tí ọkọ̀ mìíràn bá sáré kọjá. Èkejì ni ìdúró rẹ̀: bí èrò bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí gbogbo wọn bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti wo nǹkan, ọkọ̀ lè dojú dé bí omi kò tilẹ̀ tí ì wọ inú rẹ̀. Fún ọkọ̀ kékeré tí kò ní àkọlé, ìṣírò kan wà tí àwọn atukọ̀ ń lò ní Amẹ́ríkà: kí á fi fífẹ̀ rẹ̀ sọ gígùn rẹ̀ di púpọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà, kí á sì fi 15 pín in. Ọkọ̀ tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 15, tí ó sì fẹ̀ ní 5, ènìyàn 5 ni yóò gbé, bí ojú ọjọ́ bá dára.

Nínú òfin Amẹ́ríkà, tí a gbé kalẹ̀ lórí òfin ààbò ọkọ̀ ti ọdún 1971, àkọlé yìí di dandan láti oṣù kọkànlá ọdún 1972 fún ọkọ̀ ìgbafẹ́ elẹ́ńjìnnì tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Ó gbọ́dọ̀ sọ iye ènìyàn, ìwúwo wọn, àti ìwúwo ènìyàn, ẹrù àti ẹ́ńjìnnì lápapọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ bí agbára rẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó. Ó gbọ́dọ̀ wà níbi tí atukọ̀ yóò ti rí i kedere kí ó tó ṣí. Oòrùn àti omi iyọ̀ kò gbọdọ̀ lè pa á rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lè yí i padà kí ojú ibẹ̀ má hàn. Ní Yúróòpù, òfin ti ọdún 1994 àti èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 2013 béèrè irú pátákó bẹ́ẹ̀. Ìdí tí òfin fi ń lé ọkọ̀ ìgbafẹ́ bá kò ṣòro: níbẹ̀, olówó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni atukọ̀, ọ̀rẹ́ àti ẹbí ni èrò, kò sì sí ẹni tí ń ka orí. Àkọlé nìkan ni ẹlẹ́rìí.

Àwọn baba wa mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí; àrokò ni wọ́n ń pe tiwọn. Àrokò tí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí kò lè túmọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ mọ́, ẹrù lásán ni. Bákan náà, ohun mẹ́ta ni àkọlé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè jíṣẹ́.

Èkínní, kí ó jẹ́ òótọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akitiyan Samuel Plimsoll, tí ó jẹ́ aṣòfin, mú kí òfin ọdún 1876 pàṣẹ pé kí a fa ìlà sí ara ọkọ̀ òkun láti fi òpin ẹrù hàn. Ṣùgbọ́n a fi ibi tí ìlà náà yóò wà sílẹ̀ fún olówó ọkọ̀ títí di 1890: olè ni a fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, ọkọ̀ ìgbafẹ́ Ethan Allen dojú dé ní adágún Lake George ní Amẹ́ríkà. Arìnrìn-àjò 47 ni ó gbé, ènìyàn 20 sì kú. Ìwé rẹ̀ fàyè gba ènìyàn 50, nítorí náà iye èrò rẹ̀ kò kọjá òǹkà ìwé náà. Pọ́n-ùn 140 ni ìwé náà ka ènìyàn kọ̀ọ̀kan sí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó wọ̀ ọ́ wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olùwádìí rí i pé arìnrìn-àjò 14 ni ó yẹ kí ó gbé. Láti ìparí ọdún 2011, wọ́n ń ka arìnrìn-àjò sí pọ́n-ùn 185. Òǹkà tí a kò tún yẹ̀ wò lè pa ẹni tí ó gbà á gbọ́.

Èkejì, kí ó hàn, kí ó sì yé ẹni tí ń wọkọ̀. Atukọ̀ nìkan ni àkọlé Amẹ́ríkà ń bá sọ̀rọ̀. Ní tiwa, ìdúró atukọ̀ ni pé kí ọkọ̀ kún. Èrò ni ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Nítorí náà, ó yẹ kí a kọ òǹkà náà gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ tí a ń gbà wọlé, ní èdè Yorùbá àti èdè mìíràn tí èrò ń sọ.

Ẹ̀kẹta, kí òǹkàwé ní agbára láti kọ̀. Òfin wa kò dákẹ́. Òfin 1997 dá àjọ NIWA sílẹ̀ fún ọ̀nà omi abẹ́lé. Èkó ṣe òfin LASWA ní 2008. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé NIWA ni ó ni àṣẹ. Ìlànà ìrìnnà ojú omi ti 2023 kọ àpọ̀jù èrò àti ìrìn òru. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kan náà, ní agbègbè Pategi ní Kwara, ó ju ènìyàn 100 lọ tí ó kú nínú ọkọ̀ onígi tí ó kún àkúnjù, bí wọ́n ti ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ ní òru. Ilé-ẹjọ́ lè sọ ẹni tí ó ni odò. Kò lè dúró sí èbúté máa ka èrò.

Gómìnà tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ́sítéètì yìí, Lateef Jakande (1979 sí 1983), gbà pé ọ̀nà omi lè tú ìgboro Èkó sílẹ̀. Ìjọba rẹ̀ ni ó dá iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Bí a óò bá jèrè ìran náà, ẹni tí ń lọ gbafẹ́ ní Tarkwa Bay àti ẹni tí ń lọ síbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè ka òǹkà, kí ó ka orí, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìtijú bí méjèèjì kò bá dọ́gba.

Ní àkótán, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn àgbà tún ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Àkọlé ni àgbọ́tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni kí ó kọ ọ́ ní òótọ́. Ọgbọ́n náà kù sí ọwọ́ ẹni tí ó kà á.