Aṣọ Mélòó Ló Tó Wa Lò Lọ́dún?

Ọ̀rọ̀ aṣọ la mú wá lóṣù yìí. Kì í ṣe pé a fẹ́ kọ́ yín ní fáàrí. Ọ̀rọ̀ owó ni. Bí a bá yá owó ẹgbẹ́ tí a fi ra ọjà, ọjà ni yóò san gbèsè náà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ra aṣọ tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwa fúnra wa la ó máa san án lóṣooṣù, aṣọ á sì wà nínú àpótí, kò ní bá wa dá sí i.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òótọ́ ni. Oníṣòwò tí kò múra dáadáa, oníbàárà kì í fẹ́ dúró tì í. Nítorí náà, a kò ní kí ẹnikẹ́ni máa wọ àkísà. Ohun tí a ń sọ ni pé aṣọ díẹ̀ tó bára mu sàn ju aṣọ rẹpẹtẹ tí kò bára mu lọ. Ṣebí a mọ ẹni tí àpótí rẹ̀ kún dé ẹnu, tó tún ń sọ pé òun kò rí nǹkan wọ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé aṣọ kọ̀ọ̀kan ló rà fún òde kọ̀ọ̀kan, kò ronú bóyá èyí á bá tọ̀hún lọ.

ÌṢIRÒ TÓ YẸ KÁ MỌ̀

Bí ìyá kan bá rán ìró 4 àti bùbá 4, tó jẹ́ pé ìró kọ̀ọ̀kan ní bùbá tirẹ̀ tí kò lè bá òmíràn lọ, aṣọ 8 ló rán, ìmúra 4 péré ló ní. Bí ẹlòmíràn bá rán ìró 3 àti bùbá 4, tí gbogbo bùbá náà sì bá gbogbo ìró náà lọ, aṣọ 7 ló rán, ìmúra 12 ló ní. Ti ọkùnrin náà rí bẹ́ẹ̀: ṣòkòtò 3, bùbá tàbí dàńṣíkí 4. Aṣọ dín kan, ìmúra sì di ìlọ́po mẹ́ta.

Àwọ̀ ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Ẹ yan àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó yẹ yín, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn àwọ̀ aró lè mú búlúù dúdú, funfun àti àwọ̀ ilẹ̀. Kí ìró tàbí ṣòkòtò jẹ́ aláwọ̀ kan, kí bùbá jẹ́ èyí tó ní ọnà lára. Bí ọnà bá gun orí ọnà, aṣọ á máa bára wọn jà.

ÌGBÀ MẸ́TA TÍ A NÍ

Nílẹ̀ wa níbí, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, á sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á sì parí ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Aṣọ òwú tó nípọn kì í tètè gbẹ lásìkò yìí. Bí a bá ká a pamọ́ kó tó gbẹ, á máa rùn, á sì yọ àmì dúdú. Ànkárá fẹ́lẹ́ ló dáa, kí àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀, kí ìró má sì kan ilẹ̀ nítorí ẹrẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru ni ọ̀tá wa. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́ a máa fa òógùn mu. Pọliẹ́sítà ní tirẹ̀ kì í fà á mu, ara ló ń dá a padà sí. Ẹni tó ń jókòó nínú ìsọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ mọ̀ ohun tí a ń wí.

Ọyẹ́ ní tirẹ̀ a máa mú òtútù wá láàárọ̀ àti ooru lọ́sàn-án, eruku sì ń bẹ láàárín wọn. Kì í ṣe aṣọ kan tó wúwo la nílò, bí kò ṣe aṣọ tó ṣeé wọ̀ lé ara wọn tó sì ṣeé bọ́. Súwẹ́tà kan àti ìborùn kan lórí bùbá tí a ti ní tó. Ẹ fi funfun pamọ́ títí eruku yóò fi lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé aṣọ 7 tí a kọ́kọ́ kà yẹn ni ìpìlẹ̀. Bí ìgbà bá yí, nǹkan méjì tàbí mẹ́ta la ó fi kún un, a kì í tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀.

ÈYÍ TÍ A Ó RÀ, ÈYÍ TÍ A Ó RÁN

Súwẹ́tà, aṣọ òjò, síńgílẹ́ẹ̀tì àti bàtà, ẹ ra wọ́n ní rírà. Bí ó bá jẹ́ òkìrìkà, ẹ wo abíyá, ọrùn àti síìpù dáadáa kí ẹ tó san owó. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ sá a sóòrùn, ẹ lọ̀ ọ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Bùbá, ìró, ṣòkòtò àti agbádá, ẹ rán wọn. Ẹ sọ fún aránṣọ pé kó ká aṣọ sínú díẹ̀ ní ìhà àti létí, kó má gé e dànù. Bí ara bá lé, ẹ ó kàn tú u ni.

Bí ẹ bá fẹ́ àdìrẹ, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Inú aró ni wọ́n ń ri àdìrẹ tòótọ́ bọ̀, nítorí náà aró á mú iwájú, á mú ẹ̀yìn. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ ọnà sí, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ràn ju iwájú lọ. Ẹ fọ àdìrẹ tuntun lọ́tọ̀, nínú omi tútù, kí ẹ sì sá a síbi òjìji.

Aṣọ òkè, yálà ẹtù, àlàárì tàbí sányán, kì í ṣe aṣọ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó ń tọ́jọ́. Tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ń hun ún lórí òfì, bí ínǹṣì 4 sí 6, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Ìdí nìyẹn tí agbádá tó ti gbó létí fi ṣeé tú, tí a sì lè fi ibi tó ṣì dáa rán fìlà tàbí ìborùn.

TI AṢỌ ẸBÍ Ń KỌ́?

A mọ̀ pé ẹ óò bèèrè. A kò ní kí ẹ kọ̀ fún ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí. Ká sọ pé aṣọ kan gba ₦40,000 pẹ̀lú owó aránṣọ, tí a wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: ìgbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦20,000. Òmíràn gba ₦24,000, tí a ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù fún ọdún kan: ìgbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦1,000. Èwo ló wọ́n nínú méjèèjì? Bí wọ́n bá gbà, ẹ ra gèlè tàbí fìlà nìkan, kí ẹ fi bá aṣọ tí ẹ ti ní. Bí ẹ bá ra odindi, ẹ rán an lọ́nà tí bùbá rẹ̀ yóò fi lè bá ìró míì lọ lẹ́yìn òde. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, ẹ má bínú sí wa. A kò ba ọjà yín jẹ́. Ẹ to aṣọ aláwọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ olọ́nà tó bá a mu, kí ẹ fi han oníbàárà. Ẹni tí aṣọ tó rà lọ́wọ́ yín wúlò fún á padà wá. Ẹ kó ọjà ọyẹ́ kí ọyẹ́ tó dé, kí owó yín má bàa há sínú ọjà tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá.

Kí ẹ tó ra aṣọ míì, ẹ tú àpótí yín. Ẹ pín aṣọ sọ́nà mẹ́ta: èyí tí ẹ ń wọ̀, èyí tó ń fẹ́ àtúnṣe, èyí tí ẹ kò wọ̀ láti ọdún kan. Ẹ gbé ti kejì fún aránṣọ. Ẹ ta ti kẹta tàbí kí ẹ fi ta ẹni tó nílò rẹ̀ lọ́rẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tó kù tí ẹ nílò sínú ìwé, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́ sínú owó ìfipamọ́ yín fún un. Aṣọ tí a fi owó ara wa rà kì í wúwo lọ́rùn.