Lẹ́tà Tó Wọ Ẹ̀wù Ẹlòmíràn

 Ẹ wo ìlà yìí dáadáa:

Ömö wa lö sí ilé ækô.

Ṣé ẹ lè kà á? Ó jọ èdè Jámánì níbì kan, ó tún jọ ti Denmark níbòmíràn. Àmọ́ Yorùbá ni. Ohun tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ rí lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nígbà náà ni: "Ọmọ wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́." Kò ṣe àṣìṣe kankan. Àwọn lẹ́tà náà ló wọ ẹ̀wù ẹlòmíràn. Èmi ni mo máa ń to ojú ewé ìwé ìròyìn wa kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, nítorí náà irú fáìlì bẹ́ẹ̀ máa ń bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, bí a ṣe ń tún un ṣe, àti ìdí tí kò fi yẹ ká fi ṣeré.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà

Kọ̀ǹpútà kò mọ a, b, d. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Tí ẹ bá tẹ "e", nọ́ńbà 101 ló máa pa mọ́. Tó bá fẹ́ fi hàn yín, á lọ bá fọ́ńtì, á ní, "Àwòrán wo ló wà ní ojúlé 101?" Fọ́ńtì á sì gbé àwòrán e jáde. Nọ́ńbà ni ara lẹ́tà, àwòrán inú fọ́ńtì ni ẹ̀wù rẹ̀.

Nígbà kan, ojúlé 256 péré ni fọ́ńtì kan máa ń ní. Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ṣètò ojúlé wọ̀nyí nínú àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní Latin-1. Ítálì rí à, è, é, ì, ò àti ù níbẹ̀. Faransé rí ê àti ë. Jámánì rí ö àti ß. Àwa náà jẹ nínú rẹ̀ díẹ̀, torí pé á, à, é, è, í, ì, ó, ò, ú àti ù wà níbẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Tí a bá ka ẹ, ẹ́, ẹ̀, ọ, ọ́, ọ̀ àti ṣ, ti kékeré àti ti ńlá, lẹ́tà 14 ni kò rílé gbé. Ń àti ǹ náà kò ríbi jókòó sí.

Ṣé àmì kékeré tó bẹ́ẹ̀ ni?

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìwé atúmọ̀ èdè Ítálì: pèsca ni èso, pésca ni ẹja pípa. Ẹnu ṣí nínú ti àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹ wa. Ẹnu há nínú ìkejì, ó dà bí e wa. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ará àríwá Ítálì kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í sábà fi àmì náà kọ ọ́. Ara Ítálì lè fara da ìyẹn, torí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní ti Yorùbá, ẹ ka ìwọ̀nyí: oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ibi tí àgbẹ̀ ń lọ, bàbá nínú ilé, ohun tí a fi ń kọ ebè, ohun tí a ń wọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́, àti ohun ìjà. Tí àmì bá bọ́, gbogbo wọn di oko.

Láti ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni a ti ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Táípúráítà kò sì gbọ́ tiwa. Ivrea, tí kò jìnnà sí Torino, ni Camillo Olivetti ti dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1908, ilé-iṣẹ́ yìí ló sì ṣe táípúráítà Lettera 22 tó jáde ní 1950. Ẹ̀rọ dáadáa ni, àmọ́ ìwọ̀nba ni bọ́tìnnì tó wà lórí táípúráítà. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tẹ ìwé Yorùbá tán, wọ́n á wá mú bírò, wọ́n á máa fọwọ́ kán àmì sí abẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn tó ń ṣe fọ́ńtì ronú. Ta ló nílò ß nínú Yorùbá? Kò sí. Wọ́n bá yọ àwòrán ß kúrò ní ojúlé 223, wọ́n ya ṣ síbẹ̀. Wọ́n yọ ë, wọ́n ya ẹ sí i. Ó hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó jáde lórí bébà, inú gbogbo èèyàn dùn. Ọgbọ́n gidi ni lásìkò yẹn.

Àléébù rẹ̀ ni pé kálukú yan ojúlé tó wù ú. Ibi tí fọ́ńtì kan fi ẹ sí, òmíràn fi ọ̀ sí i. Tí ẹ bá wá fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní fọ́ńtì yẹn, ẹ̀wù á bọ́, ara á hàn: ß ni yóò rí.

Ní 1991 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ Unicode jáde. Èrò wọn ni pé kí lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ẹlòmíràn kò ní bá a dù. Lónìí, nọ́ńbà ẹ ni 7865, ti ọ ni 7885, ti ṣ ni 7779. Àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, a jọ ń gbé ilé kan náà ni. Ti àmì ohùn ńkọ́? Ẹ́ kò ní ojúlé kan ṣoṣo. 7865 ló máa ṣáájú, 769 tó jẹ́ àmì ohùn òkè á tẹ̀ lé e, á sì gun orí rẹ̀. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ ni 768.

Oríkì kan ní Padova

Màmá kan ní Padova mú fáìlì kan wá fún mi. Bàbá wọn ló tẹ oríkì ìdílé sínú kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, ojú ewé 11. Bàbá ti di olóògbé, kọ̀ǹpútà náà ti bàjẹ́, fọ́ńtì tí wọ́n lò sì bá a lọ. Màmá fẹ́ kí a tẹ oríkì náà ní ìwé kékeré fún ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ wọn. Ewé kan ṣoṣo tí bàbá ti tẹ̀ sórí bébà ló kù. Tí a kò bá rí ìyókù kà, ó ti lọ nìyẹn.

Ewé kan yẹn ni kọ́kọ́rọ́ wa. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Níbi tí bébà sọ pé Àṣàkẹ́, kọ̀ǹpútà ní Àßàkê. Ó túmọ̀ sí pé ß ni ṣ, ê ni ẹ́. Níbi tí bébà sọ pé Ọ̀yọ́, kọ̀ǹpútà ní Øyô. Báyìí ni àtẹ náà ṣe kún díẹ̀díẹ̀:

ë (235) di ẹ
ê (234) di ẹ́
æ (230) di ẹ̀
ö (246) di ọ
ô (244) di ọ́
ø (248) di ọ̀
ß (223) di ṣ

Lẹ́tà ńlá náà ní tiwọn. Ọ̀kan wà tí kò sí lórí bébà rárá: §. (Ó wà lórí kíbọ́ọ̀dù Ítálì yín, lórí bọ́tìnnì ù.) Mo wá ibi tó ti yọjú, mo rí §àngó, mo rí §öpê. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n: Ṣ ni.

Ohun tó lè ba iṣẹ́ jẹ́

Tí àtẹ bá ti pé, ẹ lè ní kí kọ̀ǹpútà pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni èyí tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn. Ká ní fọ́ńtì kan fi ẹ sí ojúlé è, ó wá fi è fúnra rẹ̀ sí ojúlé ê. Tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ ê di è, tí ẹ wá sọ è di ẹ, àwọn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe á tún yí padà, ètò á di ẹtò. È ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kí ê tó tẹ̀ lé e.

Ìkejì ni orúkọ àlejò. Ní ìparí fáìlì náà, bàbá to orúkọ àwọn ìyàwó ilé. Ọ̀kan wá láti Kútọnu, Noëlle lorúkọ rẹ̀. Fọ́ńtì lásán ni bàbá fi tẹ ìyẹn, torí náà ë gidi ni. Tí a bá da gbogbo fáìlì pọ̀, Noẹlle ni yóò jáde. Kìkì ibi tí fọ́ńtì àtijọ́ wà ni kí ẹ pààrọ̀. Bákan náà, ẹ̀yin tí òbí yín wá láti Benin mọ̀ pé níbẹ̀, ɛ àti ɔ ni wọ́n ń kọ dípò ẹ àti ọ. Ọ̀nà ìkọ̀wé wọn ni, kò bàjẹ́, ẹ má "tún un ṣe."

Ìkẹta ló le jù. Ní ojú ewé 9, bàbá tẹ "oko" láìsí àmì kankan. Àtẹ wa kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, torí pé ohun tí ẹnì kan tẹ̀ nìkan ló lè dá padà, kò lè dá ohun tí wọn kò tẹ̀ padà. Ṣé oko ni àbí ọkọ̀? Màmá pe àǹtí bàbá wọn ní Ìbàdàn. Ìyá àgbà náà kò tiẹ̀ dáhùn ìbéèrè, wọ́n kàn fi ohùn ki oríkì náà lórí fóònù títí wọ́n fi dé ibẹ̀: ọ̀kọ̀ ni. Jagunjagun ni baba ńlá wọn. Ká ní a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, àgbẹ̀ ni ọmọ tuntun yẹn ì bá máa pè é.

Kó tó dé ilé ìtẹ̀wé

Ẹ́ lè wà nínú fáìlì lọ́nà mẹ́ta: 7865 àti 769, tàbí é (233) àti àmì abẹ́ lẹ́tà (803), tàbí 101, 803 àti 769. Ojú wọn rí bákan náà, Unicode sì ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Síbẹ̀, àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ lè wá Àṣàkẹ́ nínú fáìlì kí wọ́n ní kò sí, nígbà tí ẹ̀ ń wò ó lójú. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ gbogbo rẹ̀ di irú kan ṣoṣo. Èyí tí mo ń lò ni wọ́n ń pè ní NFC, ti àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan fọ́ńtì tó mọ ibi tí àmì ń jókòó. Gentium, Charis àti Noto Sans ṣeé fọkàn tán. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì ológe ni kò ní ṣ, kọ̀ǹpútà á lọ yá a lọ́dọ̀ fọ́ńtì mìíràn, ọ̀rọ̀ á wá dà bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi "Ẹ̀kọ́, Ọ̀ṣọ́, Ṣẹ́gun, ń, ǹ" dán an wò.

Ìyà yìí kò jẹ àwa nìkan. Àwọn ará Tamil ní gúúsù India àti Sri Lanka ní fọ́ńtì àtijọ́ rẹpẹtẹ. Àwọn àmì fáwẹ́lì kan wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n ń kọ ṣáájú kọ́ńsónáǹtì, ṣùgbọ́n tí a ń pè lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́ńtì àtijọ́ ń pa á mọ́ bí ojú ṣe rí i, Unicode ń pa á mọ́ bí ẹnu ṣe ń pè é. Nítorí náà, wọ́n tún gbọ́dọ̀ gbé àmì láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Tamil Nadu gba Unicode ní 2010. Síbẹ̀, àwọn tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó ṣì máa ń yí Unicode padà sí ti àtijọ́, nítorí pé fọ́ńtì tó rẹwà kan wà tí kò mọ Unicode. Tí irú rẹ̀ bá kan ẹ̀yin náà, ẹ̀dà kan ni kí ẹ yí padà fún iṣẹ́ ọ̀ṣọ́. Ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó.

Iṣẹ́ fún ilé

Ẹ fi àtẹ òkè yìí ka gbólóhùn yìí, kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe yẹ: "Màmá se ëran, a jë ê." Kí ẹ tún béèrè lọ́wọ́ bàbá àti ìyá yín bóyá fáìlì Yorùbá àtijọ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tàbí síìdì nílé. Tí ó bá wà, ẹ wá ewé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde nínú rẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹyọ kan, kí ẹ mú méjèèjì wá sí kíláàsì. Kí ẹ sì tètè ṣe é, nígbà tí àgbà tó lè fi ohùn kà á fún wa ṣì wà.