Leiden: Ìlú Tó Fi Ebi Ra Yunifásítì

Ẹni tó bá dé Leiden fún ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ lọ dúró létí Rapenburg kó tó wá kíláàsì rẹ̀ lọ. Odò tóóró ni Rapenburg, ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, igi àti ilé àwọn olówó ayé àtijọ́ sì tò sí i lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Níbi tí afárá kan ti sọdá rẹ̀ ni Academiegebouw wà, ilé bíríkì tí fèrèsé rẹ̀ ga bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ni tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ló ń jọ́sìn níbẹ̀ kó tó di ti yunifásítì lọ́dún 1581. Má wá géètì ńlá, má sì wá ògiri tó yí ọgbà ká bíi ti àwọn yunifásítì wa nílé. Inú ìlú ni ilé ẹ̀kọ́ náà fọ́n ká sí: kíláàsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì, òmíràn lẹ́yìn ọjà.

Lọ́dún 1574, ọmọ ogun ọba Spéìn dó ti ìlú yìí láti oṣù Karùn-ún títí wọ inú oṣù Kẹwàá. Nígbà tí oúnjẹ tán, ebi àti àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ará ìlú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì kú. Àwọn tó fẹ́ gbà wọ́n sílẹ̀ gé òkìtì tó ń dá omi dúró, wọ́n jẹ́ kí omi bo oko àti pápá, kí ọkọ̀ ojú omi lè gba orí ilẹ̀ kọjá dé ẹ̀yìn odi Leiden. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, ilẹ̀ mọ́, ọ̀tá ti sá. Kò pẹ́ sígbà náà, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1575, wọ́n ṣí yunifásítì síbẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nẹ́dálándì lónìí.

Àwọn ará ìlú a máa sọ pé William ti Orange, olórí ìjà tí wọ́n ń bá ọba Spéìn jà, bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gbà fún ìfaradà wọn: ṣé kí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ owó orí ni, àbí kí wọ́n ní yunifásítì? Wọ́n ní yunifásítì. Àwọn òpìtàn kò fọwọ́ sọ̀yà lórí apá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tó fẹ́ràn láti máa sọ irú ìtàn yìí nípa ara rẹ̀ ti jẹ́ ká mọ ohun tó kà sí iyì. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ ni mo ti ń rìn ní Leiden bí ẹni tí wọ́n mú wọ ilé tí wọ́n fi ẹ̀mí kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú Academiegebouw. Àwòrán kún ara ògiri àtẹ̀gùn rẹ̀. Lókè, yàrá kékeré kan wà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń jókòó retí èsì ìdánwò àṣekágbá, òógùn á sì máa bò ó. Bí ó bá yege, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Orúkọ ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àwọn kan ti gun orí àwọn mìíràn. Winston Churchill kọ tiẹ̀ síbẹ̀, Nelson Mandela náà kọ tiẹ̀ nígbà tí wọ́n fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ọlọ́lá lọ́dún 1999. Àwa tí a wá fún sáà kan péré kì í kọ orúkọ, nítorí kì í ṣe ọwọ́ Leiden la ti ń gba oyè. Ó dùn mí díẹ̀, àmọ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Gbọ̀ngàn ńlá tó wà nínú ilé kan náà ni mo kà sí ọkàn yunifásítì yìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1940, nígbà tí Jámánì ti gba orílẹ̀-èdè náà, wọ́n lé àwọn olùkọ́ tó jẹ́ Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Eduard Meijers. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, ní àkókò tó yẹ kí Meijers wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, Rudolph Cleveringa, ọ̀gá ẹ̀ka òfin, tí Meijers kọ́ ní ìwé rí, ló dìde dípò rẹ̀. Ó ka àṣẹ ìlélọ náà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn, ó wá yin ọ̀gá rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ìwà rẹ̀, láìfi ohùn bo ọ̀rọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Jámánì ti yunifásítì náà pa, wọ́n sì ju Cleveringa sẹ́wọ̀n. Ó mọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kó tó la ẹnu. Mo jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì ronú nípa gbogbo olùkọ́ tó ti kọ́ mi, nípa ẹni tí mo lè dìde fún bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé náà ni Hortus wà, ọgbà ewéko tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1590. Ibẹ̀ ni onímọ̀ ewéko Carolus Clusius gbin túlíìpù sí, òdòdó rẹ̀ sì yọ lọ́dún 1594. Òdòdó tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Nẹ́dálándì, àlejò láti ìhà Tọ́kì ni.

Kíláàsì ńkọ́? Bí wọ́n bá ní aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 15 ni olùkọ́ á bẹ̀rẹ̀. Àṣà ibẹ̀ ni, kì í ṣe pípẹ́ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ìṣẹ́jú 15 náà bá pé, kò tún sí ìdúró mọ́. Ẹrù iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní sáà kan jẹ́ EC 30 (EC ni òṣùwọ̀n iṣẹ́ ẹ̀kọ́ wọn), wákàtí 28 ni wọ́n sì ka EC kan sí, nítorí náà ẹni tó bá rò pé ìgbafẹ́ ni òun wá ṣe yóò mọ̀ kí oṣù Kẹwàá tó parí. Láti 1 dé 10 ni máàkì. Ẹni tó bá rí 8 ti ṣe bẹbẹ, mi ò sì tíì pàdé ẹni tó gba 10. Ohun tó ṣòro fún mi jùlọ ni pé ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti hewú ní kí n máa pe òun ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ahọ́n mi kò gbà á. Mo ń pè é ní “Professor” títí sáà fi parí, kò sì bínú. Ó sàn kí n fi ọ̀wọ̀ tèmi bá a sọ ohun tí mo rò gan-an, nítorí èyí ni wọ́n ń retí níbẹ̀: bí ìwé tí o kà kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, sọ ọ́, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.

Ilé gbígbé ni ìṣòro tó le jù. Yàrá kò tó ní gbogbo Nẹ́dálándì, Leiden kò yọ sílẹ̀. Ìwọ̀nba yàrá tí yunifásítì bá ní fún àlejò, kíákíá ni wọ́n ń tán. Ní ọjọ́ tí lẹ́tà ìgbàwọlé bá ti dé ni kí o ti béèrè yàrá. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún yàrá tí ẹ kò tíì rí, nítorí àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ pé ojú ń kán ọmọ àlejò. Lẹ́yìn yàrá, ìforúkọsílẹ̀ ní ilé ìjọba ìlú ló kàn, kí wọ́n tó fún ọ ní nọ́ńbà tí báńkì àti gbogbo ilé iṣẹ́ máa béèrè.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe ìwé ẹ̀rí ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ló mú mi lọ ra kẹ̀kẹ́. “Àbúrò, àlòkù ni kó o rà,” ó ní, “kó o sì ra àgádágodo méjì.” Iná iwájú àti ti ẹ̀yìn kò ṣeé fi ṣeré, ọlọ́pàá ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí kò tanná lálẹ́. Ní oṣù Kejìlá, alẹ́ ń yá débẹ̀: nígbà tí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá fi lù, oòrùn ti wọ̀, ẹ̀fúùfù tó ń ti òkun bọ̀ á sì máa gbá ojú ẹni.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ lọ sí ọjà etí omi Nieuwe Rijn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta wàràkàṣì ńláńlá, òdòdó, àti ẹja ṣawa tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n ń jẹ láìsè pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ṣawa yìí kan náà ni wọ́n fi ń rántí ọdún 1574. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, wọ́n ń pín in pẹ̀lú búrẹ́dì funfun fún àwọn ará ìlú ní De Waag, nítorí òun ni oúnjẹ tí ọkọ̀ àwọn olùgbàlà gbé dé. Lálẹ́, gbogbo ilé á se hutspot, ọ̀dùnkún, kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà tí wọ́n sè tí wọ́n sì tẹ̀ pọ̀, ó jọ àsáró. Kò sí ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ pàṣípààrọ̀ a fi ọjọ́ náà rin ìrìn-àjò lọ sí Paris, ó sì máa ń dùn mí fún wọn. Àwọn ará ibẹ̀ kì í tètè ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò. Bí o bá fẹ́ bá wọn jẹun alẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú lẹ óò ti dá ọjọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ṣawa yìí, ìdílé tí mi ò mọ̀ rí ló fún mi ní ṣíbí.

Kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá, ẹ gbójú sókè bí ẹ bá ń rìn. Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti ń kọ ewì sára ògiri ilé ní Leiden, ní oríṣiríṣi èdè. Ìlú tí ògiri rẹ̀ ń ka ewì fún ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì wù mí púpọ̀.

Leiden kan náà ni African Studies Centre wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947. Ìwé nípa ilẹ̀ wa wà ní ilé ìkàwé rẹ̀ tí mi ò rí rí nílé. Nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ni Wereldmuseum wà. Nínú àkójọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba yìí ni ọ̀pọ̀ ère idẹ Benin wà tẹ́lẹ̀, èyí tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó láàfin Ọba lọ́dún 1897. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Nẹ́dálándì dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Benin 119 padà fún Nàìjíríà.

A sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní kíláàsì. Ọmọkùnrin ará ibẹ̀ kan bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ṣé ẹ máa lè tọ́jú wọn?” Mo ní ẹni tó jí nǹkan kọ́ ló ń béèrè ibi tí olóhun máa gbé e sí. Ọmọbìnrin ará ibẹ̀ gbè mí lẹ́sẹ̀, ẹlòmíràn ta kò wá, olùkọ́ kò dá sí i. A jáde, a ṣì ń jiyàn lórí afárá. Kò sí ẹni tó bínú sí ẹnikẹ́ni, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e sì ni ọmọkùnrin náà mú ìwé kan wá, èyí tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2021 lórí bí àwọn nǹkan Benin ṣe dé ọwọ́ wọn. Ó ti kà á, ó sì fẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń bọ̀ ní Leiden lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ wá ìwé náà kà kí ẹ tó wọ bàálù, nítorí wọ́n máa bi yín.