Ọkọ̀ akẹ́rù tòkunbọ̀: Bí wọ́n bá ti yọ asẹ́ èéfín rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò san gbèsè náà

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sábà máa ń béèrè ohun mẹ́rin: iye owó rẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àti bóyá ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ pé. Ìbéèrè karùn-ún wà tí àwọn òǹrajà kì í sábà béèrè, tí àwọn òǹtajà kì í sì í dédé dáhùn. Ìbéèrè náà ni pé: ǹjẹ́ gbogbo ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ fi sára ọkọ̀ náà láti sẹ́ èéfín rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀? Ìlera awakọ̀, ti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ti mẹkáníìkì, àti ti ẹni tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà wà nínú ìdáhùn sí ìbéèrè yìí.

Kí ni wọ́n ń yọ kúrò?

Ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì máa ń tú ohun méjì tó léwu púpọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Èkíní ni èédú kíkúnná, òun ló ń mú kí èéfín dúdú. Èkejì ni àwọn gáàsì tí àwọn onímọ̀ ń pè ní NOx, èyí tí ojú kì í sábà rí. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ló mú kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ dá àwọn nǹkan wọ̀nyí dúró. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí wọ́n ṣe láti ọdún 2007 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ní asẹ́ èéfín. Ní Yúróòpù, ìlànà tí wọ́n ń pè ní Euro VI, tó mú gbogbo ọkọ̀ ńlá tuntun láti ìparí ọdún 2013, ló sọ asẹ́ náà di ohun tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe aláìní.

Asẹ́ èéfín yìí, tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ sí DPF, dà bí agolo irin ńlá kan lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà. Bí asẹ́ aṣọ ṣe ń dá èèrí ògì dúró, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń dá èédú inú èéfín dúró. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa lè mú ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá èédú náà lọ. Nígbà tó bá kún, ọkọ̀ náà yóò mú kí inú asẹ́ gbóná gan-an títí èédú náà yóò fi jóná. Ẹ̀rọ kejì ni EGR, tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì kí NOx má baà pọ̀ jù. Ẹ̀kẹta ni SCR, tó ń lo omi tí wọ́n ń pè ní AdBlue láti sọ NOx di náítírójìn àti oru omi, tí kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹni tó bá fẹ́ yọ wọ́n lè gé asẹ́ náà kúrò kí ó fi páìpù gbọọrọ rọ́pò rẹ̀. Ó sì lè tú gbogbo inú rẹ̀ dànù, kí ìta rẹ̀ wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Yóò dí ojú ọ̀nà EGR. Lẹ́yìn náà, yóò fi kọ̀ǹpútà yí ètò inú ọpọlọ ọkọ̀ padà kí iná ìkìlọ̀ má baà tàn mọ́. Àwọn mìíràn tún máa ń fi kún epo tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ọkọ̀ náà yóò máa dán lójú, ẹni tó sì fẹ́ rà á kò ní rí ohunkóhun tó yàtọ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń yọ ọ́

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń yọ asẹ́ èéfín ló ní èrò ibi lọ́kàn. Asẹ́ tuntun wọ́n púpọ̀, ọkọ̀ tí asẹ́ rẹ̀ bá sì ti dí kò ní lè sáré mọ́. Epo tí à ń lò náà dá kún ìṣòro yìí. Dísẹ́ẹ̀lì tí imí-ọjọ́, ìyẹn súfúrù, bá pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń tètè ba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ní Yúróòpù, imí-ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ìdá 3,000 ni òfin fàyè gbà fún ọdún pípẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, tí Nàìjíríà wà lára wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire fẹnu kò láti mú un wá sí ìdá 50. Àjọ ECOWAS náà sọ ìwọ̀n 50 yìí di ìlànà fún gbogbo ẹkùn náà ní ọdún 2020.

Nítorí náà, mẹkáníìkì tó gé asẹ́ kúrò lè gbà pé òun ran oníbàárà òun lọ́wọ́. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé èédú tí asẹ́ náà ìbá mú kò pòórá. Inú afẹ́fẹ́ tí àwọn ènìyàn ń mí símú ló ń lọ.

Ìwà yìí kò mọ sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 2020, àjọ EPA, tó ń mójú tó ààbò àyíká ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Ó ṣírò pé láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó lé ní 550,000 ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì tí àwọn ènìyàn ti yọ ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín lára wọn ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá pàápàá ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 2015, àṣírí tú pé ilé iṣẹ́ Volkswagen ti ilẹ̀ Jámánì fi ètò kọ̀ǹpútà pamọ́ sínú nǹkan bí mílíọ̀nù mọ́kànlá ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì káàkiri àgbáyé, kí èéfín wọn lè dára kìkì nígbà tí wọ́n bá ń yẹ̀ wọ́n wò.

Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa

Ètò Àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, UNEP, sọ ní ọdún 2020 pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ọkọ̀ kéékèèké àlòkù ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó lọ sí òkè òkun, àti pé apá tó pọ̀ nínú wọn ló wá sí Áfíríkà. Ìwádìí tí ìjọba Netherlands ṣe ní ọdún yẹn kan náà fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó gba èbúté wọn wá sí Áfíríkà ló ti gbó, tí kò sì ní ìwé ẹ̀rí ìyẹ̀wò tó ṣì lágbára mọ́. Wọ́n tún rí àwọn tí wọ́n ti yọ ẹ̀rọ ìsẹ́ èéfín lára wọn kí wọ́n tó gbéra.

ECOWAS gbé ìlànà kalẹ̀ ní ọdún 2020 pé ọkọ̀ kéékèèké tó ti ju ọdún márùn-ún lọ, àti ọkọ̀ ńlá tó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fún àwọn orílẹ̀-èdè ní ọdún mẹ́wàá láti mú un ṣẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ọkọ̀ nìkan kò tó. Ọkọ̀ ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti gé asẹ́ rẹ̀ kúrò lè tú èédú ju èyí tó ti pé ọdún mẹ́wàá tí asẹ́ rẹ̀ pé lọ.

Ohun tí èéfín náà ń ṣe nínú ara

Èédú inú èéfín dísẹ́ẹ̀lì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí imú kò fi lè dá a dúró. Fífẹ̀ irun orí ènìyàn kan fi nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n ju ìwọ̀n èérún tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú èédú dísẹ́ẹ̀lì sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń gba ọ̀fun lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Láti ibẹ̀, ó lè dá ikọ́ fée sílẹ̀ lára ẹni tó ti ní in tẹ́lẹ̀, ó lè fa àrùn inú ẹ̀dọ̀fóró tí kì í lọ bọ̀rọ̀, ó sì ń fi kún ewu àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀. NOx ní tirẹ̀ máa ń mú ọ̀nà ọ̀fun wú, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé tètè kó àrùn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì wà lára àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ní ara ènìyàn. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀rí rẹ̀ fìdí múlẹ̀ jù lọ.

Báńkì Àgbáyé ṣírò pé ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ ṣokùnfà ikú àìtọ́jọ́ tó tó 11,200 ní ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2018. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Èéfín ilé iṣẹ́ àti ti jẹnẹrétọ̀ wà nínú ohun tó fà á, ṣùgbọ́n èéfín ọkọ̀ wà lára àwọn tó ṣe pàtàkì jù.

Àwọn tó sún mọ́ ọn jù ló ń fara gbá jù. Awakọ̀ tírélà tó ń sùn nínú ọkọ̀ nígbà tó ń dúró de ẹrù ní Àpápá, mẹkáníìkì tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ìyá tó ń din àkàrà létí gáréèjì, àti ọmọ rẹ̀ tó pọ̀n sẹ́yìn, gbogbo wọn ló ń mí èéfín náà símú láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ohun tó yẹ kí òǹrajà yẹ̀ wò

Kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ tó san owó, ó dára kí ó mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání, kì í ṣe ti òǹtajà, kí wọ́n sì yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò:

1. Ọdún àti irú ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kò ní asẹ́ èéfín rárá. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ilé iṣẹ́ fi sára irú ọkọ̀ náà, kí ẹ tó wá a.

2. Abẹ́ ọkọ̀. Bí páìpù gbọọrọ bá wà níbi tó yẹ kí asẹ́ wà, tàbí tí ojú jíjó tuntun bá wà lára agolo asẹ́ náà, ó yẹ kí ara fu òǹrajà.

3. Ẹnu sàlẹ́ńsà. Nígbà tí ọkọ̀ bá tutù, kí wọ́n fi aṣọ funfun nu inú rẹ̀. Bí asẹ́ bá pé, èédú kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Bí aṣọ náà bá dúdú kirikiri, ó ṣeé ṣe kí asẹ́ ti bàjẹ́ tàbí kí wọ́n ti yọ ọ́.

4. Iná ìkìlọ̀. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kí iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì tàn, kí ó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́. Èyí tí kò tàn rárá lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti pa.

5. Ìkòkò AdBlue. Bí ọkọ̀ náà bá ní in, kí wọ́n wò ó bóyá omi wà nínú rẹ̀, bóyá atọ́ka rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ìkòkò tó gbẹ lára ọkọ̀ tó ń sáré dáadáa jẹ́ àmì pé wọ́n ti tan ọpọlọ ọkọ̀ náà jẹ.

6. Ọpọlọ ọkọ̀. Kí oníná ọkọ̀ tó mọṣẹ́ fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì wádìí bóyá ètò inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ilé iṣẹ́.

7. Ìwé àdéhùn. Kí òǹtajà kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò yọ ohunkóhun, tàbí kí ó dárúkọ ohun tó yọ. Òfin ààbò òǹrajà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti mọ òótọ́ nípa ọjà tó ń rà. Ẹni tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè náà.

Bí ẹnì kan bá ti rà á ńkọ́?

Ẹni tó bá rí i pé wọ́n ti yọ asẹ́ ọkọ̀ òun kò gbọdọ̀ dákẹ́. Bí agbára bá wà, kí ó dá ẹ̀rọ náà padà, kí ó sì máa ra epo níbi tó dá a lójú pé epo ibẹ̀ mọ́. Bí kò bá tíì sí owó, kí ó jẹ́ kí wọ́n yọ àfikún agbára tí wọ́n fi sínú ọpọlọ ọkọ̀, kí ó sì tún nọ́súlù epo àti asẹ́ afẹ́fẹ́ ṣe, nítorí èédú máa ń pọ̀ sí i nígbà tí ìwọ̀nyí bá bàjẹ́. Kò yẹ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró pẹ́, pàápàá nítòsí ilé ìwé, ọjà tàbí ilé ìwòsàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Awakọ̀ tàbí mẹkáníìkì tó bá ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tí èémí rẹ̀ ń já, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú itọ́ rẹ̀, gbọ́dọ̀ tètè lọ rí dókítà, kí ó sì sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe fún un. Kí ó má ṣe gbà pé òtútù lásán ni.

Ní ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé òfin kalẹ̀ lábẹ́ àjọ NESREA láti ṣàkóso èéfín ọkọ̀ tó ń lo bẹtiróòlù àti dísẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ kan tó kan òṣìṣẹ́ ìjọba lójú pópó, ó ti kọ́kọ́ kan ẹni tó rà á. Owó tí òǹtajà dín kù nítorí asẹ́ tí kò sí níbẹ̀ jẹ́ owó tí ẹlòmíràn yóò san nílé ìwòsàn, ó sì lè jẹ́ ọmọ òǹrajà náà fúnra rẹ̀.