Ọmọ Kú, Ó Yá Ju Ọmọ Nù Lọ: Ìtàn Ọkọ̀ Mendi Tí Ó Yà ní Èkó

Ojoojúmọ́ ni mo ń gba Admiralty Way kọjá ní Lẹ́kkí Phase 1. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀, ta ni ó ráyè ronú lórí orúkọ títì? Admiralty ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń darí àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi wọn láyé àtijọ́. Èmi náà kò kà á sí, àfi ìgbà tí àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, sọ fún ìyá wa pé òun fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun ojú omi.

Màmá kò pariwo. Ohun tí wọ́n sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ọmọ kú, ó yá ju ọmọ nù lọ.” Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ.

Mo ti túmọ̀ òwe yìí nínú ìdánwò rí ní yunifásítì, mo sì gba máàkì lórí rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ó tó yé mi. Ẹni tí ó kú sílé ní ojú oórì tí a lè tọ́ka sí. Ẹni tí òkun gbé lọ kò ní. Ìrònú yìí ni ó gbé mi dé ìdí ìtàn ọkọ̀ Mendi.

Ní ọjọ́ 16, oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ Mendi gbéra ní Cape Town. Àwọn ọkùnrin tí ó lé ní 800 ni ó kó, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú láti Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìgbèríko tí ojú wọn kò mọ òkun tẹ́lẹ̀. Wọn kò fún wọn ní ìbọn, nítorí ìjọba wọn kò fẹ́ kí ìbọn wà lọ́wọ́ ènìyàn dúdú. Ẹrù ni wọn yóò máa rù, ilẹ̀ ni wọn yóò máa gbẹ́.

Èkó wa níbí ni ọkọ̀ náà yà sí lójú ọ̀nà. Níhìn-ín ni wọ́n ti gbé ìbọn ńlá kan sí ìdí rẹ̀, kí ó lè fi gbèjà ara rẹ̀ bí ọ̀tá bá yọjú. Ọkọ̀ rí ìbọn gbà. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò rí.

Ìbọn náà kò sì wúlò, nítorí kì í ṣe ọ̀tá ni ó rì í. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ 21, oṣù Èrèlé, nínú kùrukùru tí ó bo ojú omi nítòsí erékùṣù Isle of Wight, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, Darro, tí ó tóbi jù ú lọ gan-an, fi eré ńlá kọlù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò fọn fèrè ìkìlọ̀. Láàárín bí ìṣẹ́jú 25, Mendi ti wọ ìsàlẹ̀ òkun. Darro kò yọ wọ́n. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké láti inú ọkọ̀ ogun HMS Brisk ni ó gba àwọn díẹ̀ là. Àwọn tí ó kú lé ní 600.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àlùfáà àgbà kan, Isaac Wauchope Dyobha, kó àwọn ọmọkùnrin náà jọ lórí ọkọ̀, ó sì rán wọn létí pé ọmọ ìyá ni wọ́n, láti ẹ̀yà yòówù kí wọ́n ti wá.

Ìwádìí dá ọ̀gá ọkọ̀ Darro lẹ́bi. Ìyà rẹ̀? Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún kan péré. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà kò sì jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ dúdú náà gba àmì ẹ̀yẹ ogun.

Ṣùgbọ́n wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ní ibi ìrántí Hollybrook ní Southampton, orúkọ àwọn tí a kò mọ sàréè wọn wà lára ògiri. Orúkọ Lord Kitchener, mínísítà ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá ọkọ̀ ogun HMS Hampshire lọ ní ọdún 1916, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn ọmọ Mendi. Òkun kò mọ ọlọ́lá yàtọ̀ sí alágbàṣe. Lónìí, ọkọ̀ ogun Gúúsù Áfíríkà kan ń jẹ́ SAS Mendi. Ní ọdún 2018 sì ni wọ́n dá agogo ọkọ̀ àtijọ́ náà padà sí orílẹ̀-èdè náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó ni ó ní bàbá àgbà tí ó bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́. Bí ti yín bá lọ tí kò padà, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà tí ó ṣẹ́kù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa fi sọ ọmọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi jókòó ti fọ́ọ̀mù rẹ̀. Màmá wá jókòó tì í. Wọn kò tíì gbà, wọn kò sì kọ̀. Wọ́n kàn ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, èyí tí bàbá wa sọ ọ́ àti èyí tí ìyá àgbà sọ ọ́. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n ti béèrè ìbátan tí ó sún mọ́ ọn jù lọ, Màmá gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ tiwọn.